Nẹ́tíwọ́kì Tó Bo Ọ̀gá Láṣìírí

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bí nẹ́tíwọ́kì ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ tí kì í kọlu èèyàn, tàbí bí àwòrán odindi àgbàlagbà ṣe ń gba inú ògiri kọjá tí ògiri ò sì lanu. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀ lọ: ó máa ń pọ̀ yanturu nígbà tí a ò ní nǹkan kan ṣe, ó sì máa ń sá lọ nígbà tí a bá ní ká rí ojú ọmọ wa tó wà lókè òkun. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn yìí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ kó o lé nẹ́tíwọ́kì lọ́rùn. Ọrùn rẹ̀ gbà á. Ó ti pẹ́ tó ti ń ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ọkùnrin kan ló wà tó jẹ́ adelé ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ omi ìlú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ "adelé" yẹn ṣeré o, torí òun gan-an ni egbò tó wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yìí. Ọ̀gá àgbà àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ ṣófo, wọ́n wá ní kí ọkùnrin yìí máa bá wọn jókòó sórí rẹ̀ ná, títí Ìgbìmọ̀ tó wà ní olú-ìlú á fi mọ ẹni tí wọ́n máa gbé e fún pátápátá. Ẹni tó bá jókòó sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀, ìdí rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí wọn ò bá fún òun ní àga yìí, ojú kì í ṣe ohun tí òun tún máa gbé sókè láàárín ìlú mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa wolẹ̀ nígbà náà, bóyá á rí kòtò tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ tí wọn ò dí.

Lójú rẹ̀, "Ọ̀gá Àgbà" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fi adelé kún un, ó ń wá ibòmíì tó máa ti ṣiṣẹ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀rọ̀-ò-tán ni. Orúkọ náà bá a mu ju agbádá ọrùn rẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ sọ pé kí wọ́n ti fèrèsé, á kọ́kọ́ kí afẹ́fẹ́ kú iṣẹ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà tó kan fèrèsé, á wá ṣàlàyé ipa tí fèrèsé ń kó nínú ìtẹ̀síwájú orílẹ̀-èdè. Kó tó kan títì, òjò á ti wọlé, á ti ṣe gbogbo ohun tó wá ṣe, á sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn láti bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn yẹn náà sì ti kọ́ bí a ṣe ń sùn láìpajú dé. Bó bá ti dánu dúró láti mí, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ó di pé mímí lásán tí olúwarẹ̀ ń mí ń gba ìyìn.

Ẹni tó ń darí àtẹ́wọ́ yìí ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí gbogbo iléeṣẹ́ mọ̀ sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà yàn láàyò: kí ìròyìn búburú má fi ojú kan ọ̀gá. Bí páìpù bá bẹ́ sí títì, á lọ sọ fún ọ̀gá pé omi ti pọ̀ débi pé ó jáde wá kí àwọn ará ìlú fúnra rẹ̀. Àdúgbò kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń pè ní Orí-Òkè. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnu ẹ̀rọ ibẹ̀ ti gbẹ. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹnu géètì iléeṣẹ́ pẹ̀lú korobá òfìfo, wọ́n á máa lu ú, wọ́n á máa bú ọ̀gá tìyá-tìyá. Bí ọ̀gá bá gbọ́ ariwo, tó béèrè pé kí ló dé, Bẹ́ẹ̀-ni-sà á ní wọ́n wá dúpẹ́ ni, ohùn wọn ló le.

Ìyẹn ni bí nǹkan ṣe wà nígbà tí wọ́n mú wáìfáì wọ iléeṣẹ́ náà.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ wáyà ló wá fi í síbẹ̀. Oníwáyà yìí kì í ṣe oníwà tútù, ẹ má gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ tó fi ń bó wáyà lọ, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé bí kò bá sí òun, odidi ìlú yìí ì bá ṣì máa fi ẹsẹ̀ jíṣẹ́ fúnra wọn. Ó gbé àpótí kékeré tó ń pín nẹ́tíwọ́kì kọ́ sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní àárín gbùngbùn ilé, nítòsí ilé ìyàgbẹ́. Ó ní bí àtùpà ni nǹkan yìí ṣe rí. Ibi tí èèyàn bá gbé e kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ti máa tàn. Ògiri á mú un ṣú díẹ̀, irin á sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gbọ́ ọ kò ju ọkùnrin kan tó ń ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀ lọ, ìyẹn náà sì ń wá ibi tó máa ti fọwọ́.

Inú Ọ̀gá Àgbà ò dùn nígbà tó gbójú sókè rí àpótí yìí. Ó ní kí ni wọ́n ní lọ́kàn tí ohun tó fẹ́ máa gbé ohùn òun lọ sí olú-ìlú fi wá ń gbé nítòsí ṣáláńgá, níbi tí àwọn ìránṣẹ́ ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ kí òun tó dé. Ó ní kí wọ́n gbé e wá sínú ọ́fíìsì òun. Wọ́n gbé e wá. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gbé e lé e, ó sì fi àwòrán ara rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè mọ ẹni tó ń sìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ṣe é ní ìyàlẹ́nu. Ó ń gbọ́ kùsùkùsù lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Ó ṣílẹ̀kùn yọjú. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé náà ló fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀ gbágbáágbá. Obìnrin tó ń gbowó omi ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn; ọ̀gá àwọn awakọ̀ na fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ já èso lórí igi; àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀, ojú wọn rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Ó bi Bẹ́ẹ̀-ni-sà pé kí lèyí.

"Wọn ò lè jìnnà sí yín mọ́ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí.

Omijé lé ròrò sójú ọ̀gá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ tó wà láàárín olórí àti ọmọ ẹ̀yìn títí ọ̀pọ̀ bátìrì fi kú. Ìgbà tó padà wọlé, tó ní kí òun wo eré díẹ̀ lórí fóònù kí ara tu òun, ló rí i pé eré náà ò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Nǹkan róbótó kan ṣáà ń pòòyì láàárín ojú fóònù. Ó ronú jinlẹ̀. Ó ní àṣé wọ́n ń fà á mu ni. Nẹ́tíwọ́kì dà bí omi inú ìkòkò kan náà. Bí gbogbo aráalé bá ti ki ife bọ̀ ọ́, kí ló máa kù fún baálé?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí èèyàn púpọ̀ bá jọ ń lo ẹyọ kan, ó máa ń falẹ̀, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ bó ṣe máa ń rí nígbà tí àlejò bá kún ilé yín. Àmọ́ àbọ̀ òótọ́ ni ẹṣin tí òmùgọ̀ ń gùn, kì í sì í já lọ́nà. Ọ̀gá ní àpótí irin ńlá kan tó fi ń ti àwọn ohun iyebíye iléeṣẹ́ mọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, ó gbé àpótí nẹ́tíwọ́kì sínú rẹ̀, ó ní kí wáyà rẹ̀ gba ihò ẹ̀yìn wọlé, ó tìlẹ̀kùn irin pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Ó ní ó parí. Ẹnikẹ́ni ò ní fa nǹkan òun mu mọ́.

Lóòótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò fà á mu mọ́, òun náà ò sì rí mu. Àwọn ọ̀pá kéékèèké tó máa ń tò sórí fóònù rẹ̀ já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan, ìyẹn náà ń mí hẹ́lẹhẹ̀lẹ. Ó pe Bẹ́ẹ̀-ni-sà pé kí ló fà á tó fi ku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní ẹyọ kan náà ni ti ọ̀gá, àwọn mẹ̀kúnnù ló máa ń ní ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀gá lára ṣinṣin.

Inú ipò yìí ni wọ́n wà nígbà tí Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí adelé ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àga náà tọ́ sí i, kí ó sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Orí-Òkè fún àwọn, torí àwọn ará ibẹ̀ ti kọ̀wé títí apá fi ń ro wọ́n.

Alága Ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ti ṣe adájọ́ rí, tó máa ń gbé awò ojú sí ṣóńṣó imú. Akápò jókòó tì í, ọkùnrin kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ò jẹ́ kó parí gbólóhùn rí láyé rẹ̀. Wọ́n kí ọ̀gá, wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wú ikọ́, ó tún agbádá ṣe, ó gbéra sọ.

Ní tirẹ̀, ìpàdé náà dùn ju oyin lọ. Ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Nígbàkígbà tó bá wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ń rí Ìgbìmọ̀ tí wọ́n jókòó rigidi, wọn ò mira, wọn ò ṣẹ́jú, ẹnu Akápò là sílẹ̀ díẹ̀. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé òun ò tíì rí àwùjọ tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lákínyẹmí ara tó báyìí. Kò mọ̀ pé àwòrán wọn ló ti gan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní tiwọn, tirẹ̀ náà ti gan. Ibi tó ti gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n, tó ń wá ọ̀rọ̀ ńlá kan tó bọ́ sọnù lórí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni nẹ́tíwọ́kì ti dá a dúró. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fajú ro díẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́fọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, àyàfi ìgbà kan ṣoṣo, tí ohùn jíjinlẹ̀ kan sọ pé: "Omi." Ó tún dákẹ́.

Ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Màmá Alága bi í léèrè ọ̀rọ̀; ó ń gbọ́, ó gbọ́wọ́ lé àgbọ̀n. Akápò bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, ó sọ ọ́ dé àárín, ó dúró díẹ̀ kí wọ́n já a gbà lẹ́nu rẹ̀ bí ìṣe wọn. Ẹnikẹ́ni ò já a gbà. Ó parí rẹ̀. Ó fi òmíràn lé e. Kí ìpàdé náà tó tú, Akápò ti sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́, ọkùnrin tó wà lójú kọ̀ǹpútà sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin láìfojú kúrò lára rẹ̀. Màmá Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ọmọ ènìyàn ṣì kù láyé.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ pe Bẹ́ẹ̀-ni-sà lórí fóònù. Ó ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ ju "omi" lọ, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì rí olórí tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan ló kù, àga náà sì di tirẹ̀. Kó ṣáà wá bó ṣe wá lọ́jọ́sí, kó má yí nǹkan kan padà.

Ẹ bá mi wo Bẹ́ẹ̀-ni-sà níbi tó dúró sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń gbé "wọn ò gbọ́ yín" lọ bá ọ̀gá tó ti sọ̀rọ̀ títí ohùn fi há? Ó yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé ibi tó korò mì, ó sì mú ìyókù wọlé.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín kọjá ohun tí etí lè gbọ́, sà," ló wí. "Ìpàdé kan péré ló kù."

Ọ̀gá fò délé ni, kò rìn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ó ń wo eré lórí fóònù pẹ̀lú wáìfáì aládùúgbò, ohun ìgbọ́rọ̀ ti wà létí rẹ̀ lábẹ́ gèlè. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti jáde ni ìgbéyàwó wọn ti ń tòrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó yọ ọ́, torí ọkọ rẹ̀ ń jó. Ọkọ rò fún un bí òun ṣe sọ̀rọ̀ odidi wákàtí fún Ìgbìmọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ràn òun nítorí rẹ̀. Ìyàwó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Baba wọn, ṣé ó dá yín lójú pé wọ́n gbọ́?"

Ọ̀gá ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, ṣé ẹni tí kò gbọ́ ni á máa yìn ín. Ìyàwó ní òun ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, òun mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn. Ó ní ohun yòówù kó ṣe tó fi bọ́ sí i lọ́jọ́sí, kó fi í síbẹ̀ bó ṣe wà, kó má fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ní obìnrin ò mọyì. Lọ́jọ́sí, òun rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ń ṣe bákan bákan, bóyá wọ́n ti pàdánù gbólóhùn kan tàbí méjì. Bí wọ́n bá lè fẹ́ràn òun tó báyẹn pẹ̀lú gbólóhùn tó sọnù, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí gbogbo rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn pérépéré? Ìyàwó ká gèlè rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó dá ohun ìgbọ́rọ̀ padà sétí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ pe oníwáyà. Ó wọlé, ó ní kí wọ́n fi àpótí nẹ́tíwọ́kì han òun, ọ̀gá sì mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ṣílẹ̀kùn irin. Oníwáyà wo inú rẹ̀ títí.

"Ta ló sin ín síbí? Ẹ bá kúkú sọ àtùpà sínú kànga, kí ẹ wá máa bi mí pé ìmọ́lẹ̀ dà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e kúrò nínú irin, ó kọ́ ọ sókè gan-an lórí tábìlì ọ̀gá, ó fa wáyà láti ara rẹ̀ tààrà sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó ní bí eṣinṣin bá kọjá níwájú ọ̀gá, wọ́n á ka ìyẹ́ rẹ̀ ní olú-ìlú. Ọ̀gá ò tíì gbà. Ó pàṣẹ pé ní ọjọ́ ìpàdé, gbogbo òṣìṣẹ́ pátá ló gbọ́dọ̀ pa fóònù wọn, tọmọdé tàgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà bù lára ohùn òun lójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbọ́ àṣẹ yìí. Òun nìkan ló mọ ohun tí Ìgbìmọ̀ fẹ́ràn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó jáde, ó tún wọlé. Ó ní bóyá kí wọ́n gbé e padà sínú irin. Ọ̀gá gbójú sókè, ó béèrè ìdí. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ya ẹnu kó sọ òótọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tún bi í pé ṣé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà dáhùn, nítorí pé ohun tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Ó wá pa fóònù rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n mọ́ kedere, wọ́n mọ́ bí omi òjò nínú ife díńgí. Màmá Alága ní orúkọ tí wọ́n máa kọ sára àga náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀, àwọn kàn fẹ́ kí ó sọ fún àwọn ìgbà tí omi máa dé Orí-Òkè ni. Ìbéèrè kékeré. Ẹni tó bá sọ pé "oṣù tó ń bọ̀" ti di ọ̀gá àgbà.

"Ẹ̀yin àgbà Ìgbìmọ̀ tí ìrònú yín jìn ju òkun, tí ọgbọ́n yín ga ju òrùlé," ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, "ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀. Kí ni omi? Omi ni ohun tó máa ń tutù nígbà tí kò bá gbóná. Àwọn baba wa mu ún. Àwọn ọmọ wa náà á mu ún, bí wọ́n bá rí i."

Màmá Alága ní ó ti yé àwọn. Ọ̀gá ò gbọ́. Ó ti gun orí ọ̀rọ̀, kò sì sí ìjánu. Ó ní ní ti Orí-Òkè, òun ti pàṣẹ kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kun gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kí ẹni tí kò rí omi lè rí ohun tó dùn ún wò. Ó ní òun ti yan ìgbìmọ̀ kan tó máa wádìí ohun tó gbé òkè náà débẹ̀, torí bí kì í bá ṣe pé òkè ga, ṣé omi á máa bẹ̀rù àtigùn ún? Ó ní òùngbẹ ìdajì wà lọ́kàn, ìdajì tó kù wà lọ́fun, òun sì ti ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ìdajì ti ọkàn. Akápò nawọ́ sókè. Ọ̀gá rò pé ó ń kí òun, ó juwọ́ sí i. Nígbà tó dánu dúró láti mí, Bẹ́ẹ̀-ni-sà tó dúró lẹ́yìn kọ̀ǹpútà pàtẹ́wọ́ lóun nìkan, pa, pa, pa, bí ẹni tó ń pa ẹ̀fọn, wọ́n sì gbọ́ ọ dáadáa ní olú-ìlú.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ sáré pe fóònù Bẹ́ẹ̀-ni-sà kó lè ní kó bá wọn fọwọ́ tọ́ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ti pa á. Ó pe ti agbowó omi, ó pe ti ọ̀gá àwọn awakọ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ náà dákẹ́ rọ́rọ́, ẹnu ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà fà á wọlé tààrà.

Níkẹyìn, Màmá Alága tẹ̀ síwájú títí ojú rẹ̀ fi kún kọ̀ǹpútà ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ni yín?"

Ìyẹn nìkan ló dá ọ̀gá dúró. Ó ní òun ni Ọ̀gá Àgbà.

"Rárá," ni Màmá wí. "Ọkùnrin kan ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó gbọ́wọ́ lé àgbọ̀n. Ẹ bá wa pè é."

"Èmi náà ni, mà."

"Ẹ̀yin kọ́. Ìyẹn ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ò gbọ́ ẹyọ kan."

Akápò fara mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ọ̀gá láti orí dé àyà, ó ní ó fẹ́ jọ ọ́ níwájú orí, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin ọjọ́sí ní làákàyè. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi àwọn ṣeré, ọ̀rẹ́ òun ni.

Ìgbà náà ni ó tó yé ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, ó ń tutù bọ̀ láti àtàrí. Ó wo Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń wo àjà. Àga tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń yọ lọ, òun náà ń rí i bó ṣe ń lọ. Ohun tó kù fún un kò ju kó pa ẹnu dé lọ. Kó gbọ́wọ́ lé àgbọ̀n, kó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó dákẹ́ níwọ̀nba ìgbà tí obìnrin àgbà kan á fi béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó gbé ọwọ́ náà lóòótọ́. Ó gbé e lé àgbọ̀n. Ó tẹ orí. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀, wọ́n sì rí ìkán kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kedere, torí nẹ́tíwọ́kì dára. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Akápò ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀, ó ní ẹ wò ó, ẹ wò ó, ó ń dé bọ̀.

"Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń wí," ni ọ̀gá wí.

Wọ́n pa kọ̀ǹpútà ní olú-ìlú.

Wọn ò fún un ní àga náà. Wọ́n dá a padà sí ilé tí wọ́n ń kó páìpù sí, níbi tó wà kó tó di adelé, ó sì ń bá àwọn páìpù sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Páìpù kì í sùn, kì í sì í pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ò sọ pé "mo sọ ọ́." Obìnrin náà lọ́gbọ́n: kí ọkọ rẹ̀ má baà dáhùn ni.

Ìgbìmọ̀ ní tiwọn ò jáwọ́. Wọ́n ní àwọn ti rí olórí tó dára fún iléeṣẹ́ omi, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ fún àwọn pé àwọn ò rí i. Wọ́n tẹ àwòrán ọkùnrin tó gbọ́wọ́ lé àgbọ̀n jáde, ó mọ́ rekete, wọ́n gbé e lé Bẹ́ẹ̀-ni-sà lọ́wọ́ pé kó wá a rí. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e yí iléeṣẹ́ ká, ó gbé e lọ sí ọjà, ó gun Orí-Òkè. Obìnrin kan níbẹ̀ gbé korobá sílẹ̀, ó gba àwòrán, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó bi í pé iṣẹ́ wo ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní ọ̀gá ìjọba ni. Obìnrin náà ní irọ́ ni, ọ̀gá ìjọba wo ló ń pa ẹnu dé báyìí, ó sì dá àwòrán padà fún un.

Wọ́n ṣì ń wá a. Àga náà ṣófo síbẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ Orí-Òkè sì ń dán nínú ọ̀dà tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dé ibi púpọ̀, ṣé ẹ mọ ibi tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń gbé?